Ìgò Mẹ́rìnlá Tí Bàbá Àgbà Ń Gbé Wálé

Ọjọ́ Ajé ni, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ ní òwúrọ̀. Mo mọ àkókò náà nítorí pé mo wo ojú fóònù mi kí n tó gbé e sétí. Akọ̀wé ẹ̀ka kẹ́mísírì ní yunifásítì tí Bàbá àgbà ti ṣiṣẹ́ ló pè, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Sístà Fúnkẹ́. Ó kí mi kú ìrọ́jú, ó gbàdúrà díẹ̀, ó wá ní wọ́n ti fi yàrá Bàbá fún olùkọ́ tuntun.

"Ẹ bá wa kó ẹrù wọn kúrò kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì o. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gbálẹ̀ ló máa kó o dà nù."

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí a sin ín. Màmá, ìyàwó rẹ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kejì nílé wa ní Ojú Ore, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ògì tó ń mu lóòjọ́ kò ju ṣíbí márùn-ún lọ. Èmi ni mo ń fún un, èmi ni mo sì ń kà á. Ó gbọ́ ohun tí mo ń sọ, ó gbé orí sókè.

"Àṣàkẹ́, wọ́n fẹ́ kó ìwé wọn dà nù?"

"Wọ́n ní ká wá kó o ni, Màmá."

"Inú ìwé yẹn ni orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn wà. Lọ bá mi wá a. Bí mo bá kú láìmọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn tí mo bá débẹ̀?"

Ohun tó ń sọ ni pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Bàbá àgbà kọ̀wé nípa àdàpọ̀ tuntun kan tí ó ṣe, ìwé ìwádìí kan ní òkè òkun tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ rẹ̀ sì gbajúmọ̀. Oṣù méje lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, pé kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá kò gbà rí pé ìfẹ́ inú rẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, ẹnì kan ló fipá mú un. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń bi í léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì máa ń gbọ́: "Àṣìṣe mi ni."

Màmá náà ti tẹ̀lé e báyìí. Bí ó bá ṣì wà láàyè ni, mi ò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á fún un.

*

Ní àdúgbò wa, Bàbá Kẹ́mísìtì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti gbọ́ pé kẹ́mísírì ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì rò pé oògùn ló ń tà. Wọ́n á kanlẹ̀kùn pẹ̀lú bébà tí dókítà kọ fún wọn. Kò lé ẹnikẹ́ni rí. Yóò ka bébà náà, yóò wọ bàtà, yóò sì tẹ̀ lé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn gan-an. Lọ́jọ́ kan, ó sú ìyá kan tó ń ránṣọ ní iwájú ilé wa, ó ní, "Bàbá, ẹ ò ta Panadol, ẹ ò ta oògùn ikọ́. Kí wá ni kẹ́mísìtì tiyín wà fún?"

Bàbá rò ó dáadáa, bí ó ti máa ń ro gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ń so irin pọ̀ mọ́ èédú."

"Háà, wẹ́dà ni yín nígbà náà! Ẹ bá mi wo géètì mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi yọ gíláàsì rẹ̀ láti nu ojú. Ó ní, "Wẹ́dà ni mí lóòótọ́. Àmọ́ iná tèmi kò gbọdọ̀ rí afẹ́fẹ́."

Òótọ́ lásán ló sọ. Àwọn àdàpọ̀ tí ó ń ṣe, níbi tí irin àti èédú ti di ara wọn mú, púpọ̀ nínú wọn ló máa ń bàjẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí wọn. Inú ìgò tí a dé pinpin ló ti ń ṣe wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ṣàngó, níbi tó ti ń yẹ ọ̀dà wò, tó sì ń fi ìsinmi ọ̀sán ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ ní Ọ̀tà, tí yunifásítì ń jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wá ẹni tó ní oyè dókítà kiri. Wọ́n mú un. Ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣàkọsílẹ̀ ohun gbogbo tó ṣe, láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà dé ọ̀sẹ̀ tó ṣàìsàn.

*

Kò gba ọ̀rọ̀ tí a kò wọ̀n gbọ́. Bí mo bá ní oúnjẹ kò níyọ̀, yóò bi mí pé mélòó ni iyọ̀ tí mo fi sí i. Bí mo bá ní ọ̀rẹ́ mi kan kórìíra mi, yóò ní kí n sọ ìgbà mélòó tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, àti ìgbà mélòó tí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú mi bínú nígbà ọmọdé. Ní báyìí mi ò lè ronú lọ́nà mìíràn.

Orí èyí ni ìjà òun àti Màmá sábà máa ń dá lé. Màmá á ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ní nígbà tí wọ́n gbàdúrà fún òun, ẹsẹ̀ tó ń dun òun fò lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Ìyá Délé, ta ló wo aago?"

"Bàbá Délé, ẹ̀yin ẹ máa wo aago. Èmi ń wo Ọlọ́run."

"Ó dáa. Ẹsẹ̀ náà ńkọ́ báyìí?"

"Ó tún ń dùn mí díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó padà dé!"

Délé ni bàbá mi, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó sọ fún mi pé láti kékeré òun ni wọ́n ti ń bá ìjà yìí bọ̀, pé òun kò mọ ìfẹ́ mìíràn láàárín wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjà kan wà tí kò ní ẹ̀rín nínú. Màmá a máa fi òróró àdúrà sí ara férémù ilẹ̀kùn, sí báàgì Bàbá, sí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́jọ́ tó rí àmì ìka olóróró lórí ọ̀kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó gbé ìwé náà síwájú Màmá, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́.

"Fi òróró sí mi lórí, Ìyá Délé. Da gbogbo rẹ̀ lé mi lórí. Má ṣe fi kan iṣẹ́ mi."

Màmá kúnlẹ̀, ó ní òun kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wà níbẹ̀.

*

Omi yunifásítì pọ́n. Irin wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń fi àbàwọ́n sínú ìgò. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Bàbá a máa kó ìgò mẹ́rìnlá sínú kúlà, yóò fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn, yóò sì gbé wọn wálé. Omi kànga wa mọ́. Màmá ló ń fọ̀ wọ́n, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Èmi bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Bàbá ní, "Ọwọ́ ìyá rẹ nìkan ni mo gbà gbọ́ láìwọ̀n ọ́n."

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo wọ ilé ìdáná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Màmá kò tíì dé láti ìpàdé àwọn obìnrin. Bàbá dúró níwájú tábìlì, ó ń da tíì dúdú sínú àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i po, ó sì ń dà á nù kí àwọ̀ rẹ̀ lè kù sára ìgò. Mo bi í pé kí ni èyí. Kò wo ojú mi.

"Kí ìyá rẹ lè rí nǹkan fọ̀."

Mo rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mi ò béèrè mọ́.

*

Ọjọ́ tí ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó mú ṣíbí méjì àti igi ìṣáná kan láti ṣàlàyé fún wa lórí tábìlì oúnjẹ. Ṣíbí kọ̀ọ̀kan jẹ́ irin, oríṣi méjì tí kì í fẹ́ wà pọ̀. Igi ìṣáná jẹ́ gáàsì kan tó ní èédú nínú, tó wà láàárín wọn, tó so wọ́n pọ̀ bí afárá Ṣàngó. Kò sẹ́ni tó tíì rí i kí irin méjèèjì yẹn dúró bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹ̀rọ kan tó máa ń ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí sára nǹkan, tó sì máa ń ya ìlà sórí bébà. Ibi tí ìlà bá ti já wálẹ̀ ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlà tirẹ̀ já wálẹ̀ níbi tí nọ́ńbà 1745 wà. Ó ní afárá náà nìyẹn.

Màmá kò bìkítà fún ṣíbí. Ó ti dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọdún mọ́kànlá ni Bàbá ti ń wá ìlà yẹn. Wọ́n ṣe ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá jó ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, ó dúró gan-an bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Yunifásítì gbé àwòrán rẹ̀ sí ẹnu géètì. Wọ́n ní yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n kí ọdún tó parí.

Lẹ́yìn oṣù méje, wọ́n sọ àwòrán náà kalẹ̀. Oyè kò wá mọ́ láéláé. Àwọn olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láìdúró. Màmá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ní pálọ̀, ó ń sunkún pé kí ó dárúkọ ẹni náà. Ó gbé e dìde, ó jókòó tì í, ó sì sọ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́: "Àṣìṣe mi ni, Ìyá Délé. Tèmi nìkan."

*

Mo dé yàrá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbọdọ̀ jẹ́wọ́ pé èmi náà fẹ́ kí ẹnì kan jẹ̀bi. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì mìíràn, torí tirẹ̀ ni mo sì ṣe kà á. Mo fẹ́ bá lẹ́tà ìhàlẹ̀ kan pàdé, tàbí orúkọ kan tí mo lè gbé lọ bá Màmá kí ó lè jẹun. Mo ka ìwé láti ìkíní títí dé ìkẹwàá, mi ò rí nǹkan kan. Sístà Fúnkẹ́ yọjú.

"Ṣé ẹ ṣì nílò gbogbo bébà yìí ni, àǹtí mi? Ó ti gbó."

Mo ní a nílò rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí "a" jẹ́.

Ní Ọjọ́rú, Màmá mu ṣíbí mẹ́ta. Mo ka ìwé dé ìkọkàndínlógún. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó mu ṣíbí méjì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tètè o, Àṣàkẹ́. Mò ń lọ." Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ náà ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Páálí méjì ló wà níbẹ̀. Ó kọ "Iṣẹ́" sára ọ̀kan: ìgò tó ti ha, tó ti lábàwọ́n, tí ẹnu àwọn kan nínú wọn ti sán. Ó kọ "Ilé" sára èkejì: ìgò mẹ́rìnlá tó ń dán bí ẹni pé ọjà ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àfi àwọ̀ pupa rúsúrúsú díẹ̀ ní ìdí wọn. Mo gbé ọ̀kan simú. Tíì ni.

Mo jókòó sílẹ̀, mo fa ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n jáde, ìwé ọdún tó kọ lẹ́tà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ gbogbo ìwé rẹ̀. Ojú ewé kan péré ló kọ ní Yorùbá. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà:

"Ìyá Délé lọ sí àpéjọ ìjọ wọn. Èmi fúnra mi fọ ìgò. Kò sí ìlà ní 1745.

Mo tún un ṣe. Kò sí ìlà.

Ìyá Délé ti dé. Òun ló fọ ìgò. Ìlà wà.

Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Kò sí.

Òun ló fọ̀ ọ́. Ó wà."

Ìgbà márùn-ún ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ó lẹ bébà ẹ̀rọ kan mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé náà. Kò sí irin kankan nínú ohun tó fi sínú ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ìlà náà já wálẹ̀ ní 1745, ó mọ́ kedere. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀: "Òróró." Lábẹ́ ìyẹn, pẹ̀lú bírò mìíràn: "Kò gbọdọ̀ gbọ́."

Ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ sí òkè òkun wà láàárín ìwé náà. Ó sọ níbẹ̀ pé òun nìkan ni òun jẹ̀bi, pé òun kò rí i pé ìgò òun mọ́ tó. Ìwé ìwádìí náà béèrè ohun tó kó ìdọ̀tí bá ìgò. Kò dá wọn lóhùn.

Mo wọ̀n ọ́n lọ́nà gbogbo tí mo lè gbà wọ̀n ọ́n. Màmá ti rí ọkọ rẹ̀ tó ń kùnà fún ọdún mọ́kànlá, ó sì gbàgbé ìlérí rẹ̀, tàbí kò gbàgbé. Nígbà tó bá fọ ìgò tán, yóò ki ìka sínú òróró, yóò fi kan ẹnu ìgò kọ̀ọ̀kan nínú lọ́hùn-ún, yóò gbàdúrà. Àdúrà náà gbà. Òróró ló di afárá. Bàbá mọ̀, ó sì ní ọ̀rọ̀ méjì tó lè sọ fún ayé: pé ìyàwó òun ló bà á jẹ́, tàbí pé òun ni. Bí ó bá gba ìgò kúrò lọ́wọ́ Màmá, Màmá yóò mọ̀. Nítorí náà ó ra ìgò mìíràn, ó sì ń po tíì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì fún ọdún mẹ́sàn-án.

*

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lásán ni mo ní lọ́wọ́. Òun náà kò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ku ìgò kékeré kan nínú páálí "Iṣẹ́", tó fi iná yọ́ ẹnu rẹ̀ pa, tí àdàpọ̀ àkọ́kọ́ yẹn wà nínú rẹ̀, ó pọ́n bí ọsàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo bu òróró Màmá díẹ̀ sínú ike oògùn, mo sì gbé méjèèjì lọ sí ilé iṣẹ́ òróró ìsebẹ̀ kan ní Ṣàngó, níbi tí Ràṣídì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé, ti ń fi irú ẹ̀rọ kan náà yẹ ọjà wò. Mi ò sọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún un. Mo fọ́ ẹnu ìgò náà. Àwọ̀ ọsàn náà di dúdú lójú wa.

Ràṣídì wo bébà àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Kẹ́mísìtì, ta ló rán ẹ wá fi òróró dán mi wò? Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ìlà yìí. Wàláì, bí mo bá sùn, mò ń rí i."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì ńkọ́! Eléyìí dọ̀tí, ìyẹn mọ́. Òróró ni..." Ó rí ojú mi. "Àṣàkẹ́. Kí ló dé?"

Mo jáde. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí àwọn tírélà ń gbà wọ ilé iṣẹ́, eruku bò mí. Ọdún mọ́kànlá, afárá kan, ó sì ti dúdú láàárín ìka mi. Mo ti wá orúkọ tí yóò gba Màmá là. Mo ti rí i, orúkọ Màmá fúnra rẹ̀ sì ni.

*

Mo kó gbogbo ẹrù náà dé ilé kó tó di aago mẹ́ta. Màmá rí páálí "Ilé" lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Gbé ìgò wọn wá. Bu omi fún mi."

Ó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Mo gbé ọpọ́n síwájú rẹ̀. Ó mú ìgò àkọ́kọ́, ó gbé e simú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Tíì," ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fọ tíì, Àṣàkẹ́. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ òórùn tíì ni?"

Mo di ọpọ́n mú fún un.

"Mo mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mi ò lè bi wọ́n. Bí mo bá bi wọ́n, wọn ò ní gbé e wálé mọ́." Ó ń fọ̀ ọ́ lọ. "Ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè ẹni tó gba iṣẹ́ wọn. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíì ni."

Ìwé kẹtàdínlọ́gbọ̀n wà nínú báàgì mi, lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe irọ́. "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe àwọn ni, Màmá. Tàwọn nìkan."

Ó fọ ìkẹrìnlá. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi òróró tó wà lórí sítúùlù, fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń lọ. Ó ṣí i. Ó ki ìka bọ̀ ọ́. Ó gbé ìka náà súnmọ́ ẹnu ìgò, ó sì dúró. Ó wo ìka náà. Ó wo ìgò. Ó wò mí. Mo yẹ ojú mi kúrò, ìyẹn sì ni ohun tí mo máa ń rántí jù lọ.

Ó nu ìka rẹ̀ sára ìró. Ó dé òróró náà pinpin.

"Kó wọn sórí tábìlì," ló wí, "kí wọ́n gbẹ."

Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò mu ògì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Bóyá ó mọ̀, mi ò lè sọ. Kò sí ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyí: nígbà tó sùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, mo padà síbi tábìlì. Mo ka àwọn ìgò náà, mẹ́rìnlá ni wọ́n. Mo ki ìka bọ ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi yí inú rẹ̀ po. Gbogbo wọn gbẹ.